Ìrora Tó Ti Di Bárakú àti Àárẹ̀ Tí Oorun Kò Lè Lé

Ìbéèrè tí òǹkàwé kan fi ránṣẹ́ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹni ọdún 43 ni mí. Ó ti tó ọdún 4 tí ẹ̀yìn àti orúnkún ti ń dùn mí. Láti ọdún tó kọjá ó ti ràn dé ọrùn àti èjìká. Ṣùgbọ́n ìrora yẹn kọ́ ló wá ń dà mí láàmú jù báyìí, àárẹ̀ ni. Mo lè wà lórí ibùsùn fún wákàtí 8, kí n sì jí bí ẹni tí wọ́n nà mọ́jú. Bí mo bá fọ aṣọ lónìí, ọ̀la àti ọ̀túnla ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe mí. Bàbá àwọn ọmọ mi ò sọ ọ́ sí mi létí, àmọ́ mo mọ̀ pé wọ́n rò pé mo ya ọ̀lẹ ni. Ṣé ìrora ló ń fa àárẹ̀ yìí ni, àbí àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára mi? Ṣé kí n máa sinmi ni, àbí kí n máa fi agídí ṣiṣẹ́ kí ara lè le?"

Mo dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé, mà, inú mi sì dùn pé ẹ mẹ́nu ba aṣọ fífọ̀, nítorí inú irú iṣẹ́ ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń hàn kedere sí ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ yín yé, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ìyá kan náà ni ìrora àti àárẹ̀, ẹ sì fẹ́ mọ bí ó ṣe yẹ kí ẹ máa lo ara yín. Ẹ̀rù kan tún wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín tí ẹ kò sọ jáde: pé nígbà tí àyẹ̀wò kò ti rí nǹkan kan, bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ kàn ń rò ó sí ara yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù yẹn kúrò nílẹ̀. Àárẹ̀ gidi ni àárẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ń tọ́jú fún ìrora tó ti di bárakú ló ń sọ ohun kan náà, àwọn kan nínú wọn a sì máa sọ fún mi pé bí wọ́n bá ní kí àwọn mú ọ̀kan kúrò nínú méjèèjì, àárẹ̀ ni àwọn máa mú kúrò, kí ìrora ṣì wà níbẹ̀.

Èsì kúkúrú sí ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni pé ìrora ń fa àárẹ̀, àárẹ̀ náà sì ń padà wá mú kí ìrora le sí i, débi pé bí ó bá ti pẹ́ lára ènìyàn, kò rọrùn mọ́ láti mọ èyí tó ṣáájú. Wọn kì í sábà jẹ́ àìsàn méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn kẹta lè sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn méjèèjì nígbà mìíràn, mo sì máa dé orí ìyẹn. Èsì sí ìbéèrè kejì ni pé kì í ṣe ìsinmi lásán, kì í sì í ṣe agídí. Ṣùgbọ́n èsì kúkúrú kò lè ran yín lọ́wọ́ bí ẹ kò bá mọ ìdí rẹ̀, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Ìrora tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré ni ìrora tó ń kìlọ̀: ènìyàn fọwọ́ kan iná, ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn; ẹsẹ̀ rọ́, a kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi san. Irú ìrora bẹ́ẹ̀ máa ń bá ọgbẹ́ wá, ó sì máa ń bá ọgbẹ́ lọ. Ìrora bárakú kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to orúkọ àwọn àrùn lẹ́sẹẹsẹ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, ìrora tó bá ti kọjá oṣù 3, yálà ó ń bá a lọ láìdúró tàbí ó ń lọ ó ń bọ̀, ni wọ́n kà sí bárakú, wọ́n sì gbà níbẹ̀ pé irú ìrora bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àìsàn fúnra rẹ̀, kì í ṣe àmì àìsàn mìíràn nìkan. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò kì í fi í rí i nígbà púpọ̀. Fọ́tò X-ray lè fi egungun ẹ̀yìn tó ti gbó hàn lára ẹni tí ẹ̀yìn kò dùn rí, ó sì lè fi ẹ̀yìn tí kò ní àléébù hàn lára ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà nílẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà, kìkì ohun tí wọ́n bá ní kó wá ló máa ń wá. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí wọ́n sọ fún yín ni pé àwọn kò rí nǹkan nínú ohun tí àwọn wò. Ìyẹn sì yàtọ̀ pátápátá sí pé kò sí nǹkan tó ṣe yín.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ara? Iṣan ìmọ̀lára máa ń gbé ìròyìn láti orúnkún tàbí ẹ̀yìn wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ibẹ̀ ni ìròyìn náà ti ń gòkè lọ sí ọpọlọ. Ní ọdún 1965, àwọn olùṣèwádìí méjì nípa ìrora, Ronald Melzack àti Patrick Wall, ṣàlàyé pé ìròyìn yìí kì í kọjá lásán: nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń dín in kù tàbí fi kún un, ọpọlọ fúnra rẹ̀ a sì máa ránṣẹ́ wá sísàlẹ̀ láti sọ iye tí ó fẹ́ kí ó gòkè. Ní ọdún 1983, olùṣèwádìí mìíràn, Clifford Woolf, fi hàn nínú ìwádìí tó ṣe lára ẹranko pé lẹ́yìn tí ara bá ti fara pa, ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ lè yí padà, kí ó máa dáhùn kíkankíkan sí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ wo ajá tí olè ti wọ ilé olówó rẹ̀ rí. Bí ewé bá já lálẹ́, yóò gbó. Bí ológbò bá kọjá, yóò gbó. Kì í ṣe pé ajá náà ń purọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti afẹ́fẹ́ mọ́. Bí ìrora yín ṣe kúrò ní ẹ̀yìn àti orúnkún, tó ràn dé ọrùn àti èjìká láìsí pé ẹ ṣubú tàbí pé nǹkan bọ́ lù yín, mú kí n fura pé irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ti wáyé lára yín.

Bí ara bá wà lójúfò báyìí lọ́sàn-án àti lóru, kò sí bí àárẹ̀ kò ṣe ní dé. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́, òun nìkan ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára ara. Ìrora jẹ́ ohun tó máa ń fi tipátipá gba ọkàn ènìyàn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ láìjẹ́ pé ó ń fi agbára ti ìrora sẹ́yìn díẹ̀, kò sì lè ṣírò owó, kò lè wa ọkọ̀, kò lè fi sùúrù bá ọmọ sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ná nínú agbára yẹn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ráhùn pé orí àwọn ṣókùnkùn, pé àwọn ń wá ọ̀rọ̀ tí àwọn mọ̀ dáadáa kiri. Ara náà kò sì sinmi. Bí ẹ bá ń ka ìwé yìí lọ́wọ́, ẹ wo èjìká yín: ó ṣeé ṣe kí ó ti gòkè sún mọ́ etí yín, kí eyín yín ti di ara wọn mú. Ẹran ara tó ń ṣọ́ ibi tó ń dùn máa ń le gbandi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olúwa rẹ̀ kò gbé nǹkan kan.

Ibi tí ìrora àti àárẹ̀ ti pàdé jù lọ, oorun ni. Ẹ ní wákàtí 8 lẹ fi wà lórí ibùsùn, ṣùgbọ́n wíwà lórí ibùsùn kọ́ ni oorun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo oorun ló ń tu ara lára. Lálaalẹ́, oorun máa ń lọ sílẹ̀ ó sì ń gòkè lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ìgbà tó bá lọ sílẹ̀ jù lọ, tí a ń pè ní oorun àsùnwọra, ni ara ń rí àǹfààní tún ara rẹ̀ ṣe. Ìrora kì í sábà jí ènìyàn tán pátápátá. Ó kàn ń fà á sókè kúrò nínú oorun àsùnwọra, olúwa rẹ̀ yóò yí ara padà, yóò tún padà sùn, kò sì ní rántí rárá nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ní ọdún 1975, ní Kánádà, Harvey Moldofsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò kan tí mo máa ń rántí nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ní òun ń sùn ṣùgbọ́n òun kò sinmi. Wọ́n mú àwọn tí ara wọn le, wọ́n fi ariwo dí oorun àsùnwọra wọn lọ́wọ́ láì jẹ́ kí wọ́n jí tán, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn ènìyàn wọ̀nyí, àárẹ̀ sì mú wọn, bí ẹni tó ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e láti ìgbà náà fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì ló là: ìrora ń ba oorun jẹ́, oorun tó bàjẹ́ náà sì ń sọ ìrora ọjọ́ kejì di líle, ọ̀nà kejì yìí sì dà bíi pé ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìròyìn rere ni mo ka èyí sí, nítorí oorun ṣeé tún ṣe, kódà nígbà tí a kò tíì rí ojútùú ìrora.

Ọ̀nà kẹta wà tí wọ́n gbà so pọ̀. Nígbà tí ibà bá mú yín, ẹ ó ṣàkíyèsí pé kì í ṣe pé ara ń gbóná nìkan. Ara a máa ro yín, oúnjẹ kì í wù yín, ẹ kì í fẹ́ rí ènìyàn, ibùsùn nìkan ló ń wù yín. Kì í ṣe kòkòrò àrùn ló ń ṣe gbogbo ìyẹn. Àwọn kẹ́míkà tí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbèjà ara fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tí wọ́n ń pè ní cytokine, ló ń sọ fún ọpọlọ pé kí ó dá ara dúró kí ìwòsàn lè ráyè. Nínú àwọn àìsàn tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà, bí irú làkúrègbé tó ń wú oríkèé ọwọ́ tó sì ń mú un gan paali láàárọ̀, àwọn kẹ́míkà yìí kì í sinmi, ìdí nìyẹn tí àárẹ̀ fi wà lára irú àìsàn bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, bí oògùn bá ti pa wíwú oríkèé náà, àárẹ̀ a máa ṣẹ́ kù lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń fà á.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí aṣọ fífọ̀. Mo lè fojú inú rí bí ó ṣe ń lọ. Ọjọ́ kan dé tí ara fúyẹ́ díẹ̀, ẹ wo aṣọ tó ti gòkè bí òkè, ẹ ní òní lẹ máa parí rẹ̀, nítorí ẹ kò mọ ìgbà tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún yọjú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ tán, ẹ sá a. Lọ́jọ́ kejì ẹ kò lè dìde. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin tí ara tún fúyẹ́, iṣẹ́ mìíràn ti pọ̀ sílẹ̀, ẹ tún fi gbogbo ara wọ̀ ọ́. Ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ fi dùbúlẹ̀ láàárín, ẹran itan àti ti ẹ̀yìn ń jò díẹ̀díẹ̀, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró náà ń gbàgbé iṣẹ́, nítorí náà aṣọ tó rẹ̀ yín lọ́dún yìí lè má pọ̀ tó èyí tí ẹ fọ̀ lọ́dún tó kọjá láì rẹ̀ yín. Lójú ẹni tó ń wòran, ẹni tó ṣiṣẹ́ lánàá tí kò lè dìde lónìí jọ ọ̀lẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìpínrọ̀ yìí sí bàbá àwọn ọmọ yín létí. Ẹni tó ya ọ̀lẹ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ kan.

Kí n tó dé orí ohun tí ẹ lè ṣe, ohun méjì wà tí mi ò lè fò. Àkọ́kọ́ ni oògùn. Ẹ kò sọ èyí tí ẹ ń lò, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún ọdún 4 kò lè ṣàìní oògùn nílé. Ẹ kó gbogbo wọn jáde sórí tábìlì, títí kan àwọn tí wọ́n kàn tà fún yín láìsí ìwé dókítà, kí ẹ sì gbé wọn lọ bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn. Amitriptyline, gabapentin, pregabalin, tramadol àti codeine, gbogbo wọn ló ń mú ènìyàn tòògbé, àwọn mìíràn nínú wọn a sì máa bá a di ọjọ́ kejì. Oògùn ara yíyún àti ọ̀fìnkìn bíi chlorpheniramine ń ṣe bẹ́ẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi atenolol àti propranolol sì lè mú kí ara wúwo. Tramadol àti codeine tún lè dí èémí lọ́wọ́ lójú oorun, bí a bá sì lò wọ́n pẹ́, wọ́n lè sọ ara àwọn kan di èyí tó túbọ̀ ń mọ ìrora. Ibuprofen àti diclofenac kì í fa oorun, àmọ́ wọ́n lè dá egbò sí inú ikùn, kí ẹ̀jẹ̀ máa jò díẹ̀díẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dín lára. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà jẹ́ àmì tí kò yẹ kí ẹ fojú fò. Ẹ má ṣe dá èyíkéyìí nínú àwọn tó ń fa oorun yìí dúró lójijì fúnra yín, nítorí ara lè gbẹ̀san. Ẹni tó kọ ọ́ fún yín ni kí ó bá yín dín in kù.

Èkejì ni àìsàn kẹta tí mo ní ó lè sá pamọ́. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn pé kí ni wọ́n yẹ̀ wò gan-an, kí ẹ sì gba ìwé èsì náà sọ́wọ́. Ní ọjọ́ orí yín, bí nǹkan oṣù bá ń pọ̀, èròjà irin lè tán nínú ara kí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ṣì dára. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ferritin ló ń fi èyí hàn, kì í sì í sí nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán. Táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọ̀fun, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, a máa fa àárẹ̀ àti ara ríro pọ̀. Ó yẹ kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, fítámì B12 àti fítámì D, àti àwọn àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ara ń bá ara rẹ̀ jà. Ẹ ní kí ẹni tí ẹ jọ ń sùn fetí sílẹ̀ lóru kan tàbí méjì: bí ẹ bá ń hanrun gan-an, tí èémí sì ń dúró díẹ̀ kí ẹ tó tún mí kanlẹ̀, àìsàn ojú oorun nìyẹn, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Bákan náà, ẹ má bínú bí dókítà bá béèrè nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kò túmọ̀ sí pé ìrora yín kì í ṣe òtítọ́. Ìrora bárakú ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì, ìrẹ̀wẹ̀sì sì ń fa àárẹ̀ àti àìsùn, a ò sì lè fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí ìtìjú.

Bí gbogbo ìyẹn bá mọ́, orúkọ méjì ló kù tí mo máa fẹ́ kí dókítà yín ronú lé. Ọ̀kan ni fibromyalgia, ìrora tó tàn káàkiri ara pẹ̀lú oorun tí kò tuni lára. Ní ọdún 1990, ibi 18 lára ni wọ́n ní kí dókítà máa fi ọwọ́ tẹ̀, bí 11 nínú wọn bá dùn, wọ́n ní òun ni. Nígbà tó di ọdún 2010, àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà tuntun jáde tó fi ọwọ́ títẹ̀ yẹn sílẹ̀, tó sì ka àárẹ̀, jíjí láìsinmi àti ìṣókùnkùn orí mọ́ àmì àìsàn náà. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní ME/CFS, ìyẹn àìsàn àárẹ̀ tó ti di bárakú, níbi tí iṣẹ́ kékeré, yálà ti ara tàbí ti ọpọlọ, ti lè wó ènìyàn lulẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí ìwólulẹ̀ náà sì sábà máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé. Aṣọ fífọ̀ yín tó ń ba ọjọ́ méjì jẹ́ lè jẹ́ ti èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì, ó sì lè jẹ́ ara tó kàn ti jò nítorí àìlò. Mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láìrí yín. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí pé àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní England, sọ ní ọdún 2021 pé kí wọ́n má ṣe fún ẹni tó ní ME/CFS ní eré ìdárayá tí wọ́n ń fi kún ní dandan lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Lọ́dún kan náà ni àjọ yìí kan náà gbé ìlànà mìíràn jáde fún ìrora bárakú tí kò ní orísun mìíràn, ó sì ka eré ìdárayá mọ́ àwọn ìtọ́jú tó dámọ̀ràn níbẹ̀. Ohun tó ń wo ẹnì kan sàn lè ba ara ẹlòmíràn jẹ́.

Wàyí o, kí ni kí ẹ ṣe? Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń tọ́jú yín, ìdíwọ̀n iṣẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ gbé lé yín lọ́wọ́, nítorí kò lè pa yín lára, ohun yòówù kí àìsàn náà jẹ́. Ẹ wo aago nígbà tí ẹ bá ń fọ aṣọ, kí ẹ sì mọ ìṣẹ́jú tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 20, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú 10 tàbí 12, nígbà tí ẹ ṣì lè tẹ̀ síwájú, ẹ jókòó, ẹ nà ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà kí ẹ tún ṣe díẹ̀. Aṣọ díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́túnla. Ẹ gbé ọpọ́n sórí nǹkan tó ga kí ẹ má baà bẹ̀rẹ̀. Ibi tó nira jù nínú ìlànà yìí ni ọjọ́ tí ara bá fúyẹ́: lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ má ṣe kọjá ìwọ̀n yín. Ó máa ń dun àwọn tí mò ń tọ́jú láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí lójú ara wọn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n àwọn tó bá lè fara dà á ni mo ń rí tí ọjọ́ búburú wọn ń dín kù. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí ìwólulẹ̀, ẹ lè fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un. Bí ìwólulẹ̀ bá ń tẹ̀ lé gbogbo àfikún, ẹ padà sí ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà, nítorí ìyẹn lè jẹ́ àmì ME/CFS.

Fún oorun, ìtọ́jú tó dára jù kì í ṣe oògùn. Ẹ máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, bó ti wù kí òru náà burú tó. Ẹ má fi ibùsùn ṣe ibi tí ẹ ti ń wo fóònù tàbí ibi tí ẹ ń dùbúlẹ̀ sí lọ́sàn-án. Bí oorun kò bá dé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ẹ dìde lọ jókòó síbi tí iná kò ti pọ̀ títí oorun yóò fi padà wá kùn yín. Àwọn tó mọ ìtọ́jú yìí dáadáa tún máa ń dín wákàtí tí ènìyàn ń lò lórí ibùsùn kù fún ìgbà díẹ̀ kí oorun lè wọra, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe apá yẹn láìsí ẹni tó ń tọ́ yín sọ́nà, nítorí àárẹ̀ máa ń kọ́kọ́ pọ̀ sí i.

Oògùn ní àyè tirẹ̀, àyè náà kò sì tóbi tó bí a ṣe ń fẹ́. Àwọn bíi amitriptyline àti duloxetine, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti ránṣẹ́ wá sísàlẹ̀ kí ìrora dín kù, amitriptyline díẹ̀ lálẹ́ sì lè mú oorun wọra. Àwọn kan ń rí ìrànwọ́ tòótọ́ gbà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ kò rí ju díẹ̀ lọ, àwọn mìíràn kò rí nǹkan kan ju ẹnu gbígbẹ àti òòyì. Ẹ lò ó fún àkókò tí ẹ bá jọ fohùn ṣọ̀kan lé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ràn dókítà bí kò bá ṣe nǹkan. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ tramadol tàbí kí ẹ fi kún un nítorí irú ìrora yìí. Bí físíò, ẹni tó ń fi eré ara tọ́jú ìrora, bá wà nítòsí yín tó ní sùúrù, ó níye lórí ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ. Ní ti iye ìgbà tí yóò gbà, oṣù ni kí ẹ máa fi ka nǹkan, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí pé ìrora náà yóò lọ pátápátá. Ohun tí mo máa ń rí ni pé oorun àti agbára a kọ́kọ́ padà díẹ̀, kí ìrora tó tẹ̀ lé wọn, nígbà mìíràn ìrora a sì dúró bó ṣe wà kí ìgbé ayé sì ti gbòòrò sí i.

Gbogbo èyí jẹ́ ti ẹni tí ìrora rẹ̀ ti wà bákan náà fún ọdún púpọ̀, mo sì kọ ọ́ láìfọwọ́ kàn yín. Bí ẹ bá ń rù láìmọ ìdí, bí ibà tàbí òógùn òru bá ń mú yín, bí ìrora tuntun bá ń jí yín lójoojúmọ́ lóru, bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tí kò lágbára mọ́, bí ojú ara àti ìdí bá kú tipiri, tàbí tí ẹ kò lè di ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mú, bí àyà bá ń dùn tàbí tí èémí kò dé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìyẹn. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.